Ọkọ̀ Tí Orrin Tà Ní Páì

Ọjọ́ tí wọ́n gba ìpín lọ́wọ́ Orrin Tveit ni gbogbo àdúgbò wa ní ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti kọjá ìmọ̀ràn.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà nínú àpapọ̀ owó kan tó ń ra ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ gígùn tí ìjọba ń tà. Èlé ibẹ̀ kò tó Orrin. Lóṣooṣù ló ń ta ẹ̀tọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí: bí ìpín rẹ̀ nínú àpapọ̀ owó náà bá wọ́n kí oṣù tó parí, kí onítọ̀hún rà á ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí. Bó wọ́n bí kò wọ́n, owó ẹ̀tọ́ di ti Orrin; bí kò bá sì wọ́n, ìpín rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó ń fi èyí yangàn níbi tí a ti ń jọ jẹ ẹja díndín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì, títí èlé ìwé tuntun fi já wálẹ̀ lójijì, tí ìpín àtijọ́ tó ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n gógó, tí wọ́n sì kó o lọ ní iye àtijọ́. Èrè tí Marlys ìyàwó rẹ̀ ì bá fi tún òrùlé ṣe bá a lọ.

"Orrin, òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wa."

"Ṣebí wọ́n sanwó ẹ̀tọ́," ni Orrin wí, ó sì lọ gbé abọ́ wá.

Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Orrin kò gbọ́; ọkọ̀ ojú omi onígi tí òun àti Marlys jọ kàn nígbà ọ̀dọ́ ló tún nawọ́ sí. Marlys kò fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn kúrò nílé láé. Orrin ta ẹ̀tọ́ láti rà á, ní iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, fún Duane Lahti, aládùúgbò wọn, ní páì ápù kan lóṣù. Bí páì bá kéré, á ní kí Duane gbé e padà; bó bá tóbi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ jẹ ẹ́ nílé Orrin.

Nígbà tó yá, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ọkọ̀ sì di ọ̀wọ́n. Láàárín oṣù yẹn gan-an ni Orrin kú, ẹ̀tọ́ Duane kò sì tíì parí. Inú bí Marlys ju bó ṣe ń sunkún lọ. Ó ń sọ fún gbogbo wa pé òkú ọ̀hún ti ta ọkọ̀ òun ní páì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí oṣù, Duane kanlẹ̀kùn. Páì ló gbé dání.

"Marlys, mi ò gba ọkọ̀. Ẹ̀tọ́ mi ti kú lónìí. Ti oṣù tó ń bọ̀ ni mo wá san."

Marlys wo páì náà títí.

"Ó kéré," ló wí. "Orrin ò ní gbà á."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àga fún Duane, ó gé páì sí mẹ́ta bí wọ́n ti máa ń gé e, ó sì gbé èyí tó tóbi jù síwájú àga Orrin.