Mo Bi Gbogbo Ọjà Léèrè, N Kò Bi Ìyá Mi

Òórùn ọ̀rá tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ọ̀rá tí wọ́n fi bo àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò wá lò. Bí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù títí dòní, ojú á tì mí gidigidi, kódà bí n kò bá mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Hausari ní Maiduguri ni wọ́n ti bí mi, níbi tí bàbá mi fìdí kalẹ̀ sí láti ìgbà tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Monday Market. Hausa já geere lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ọjà títà ni mo kà, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń bẹ nínú ọkàn oníbàárà tí n kò lè wádìí. Ìyá kan tó jẹ́ ará Iléṣà, tí a ń pè ní Mọ́mì Oníléèwé, ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní àdúgbò Bulumkutu. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, àwọn ìyá ilé díẹ̀ máa ń kọ́ ìwé kíkà nínú yàrá kan níbẹ̀. Ìyá mi wà lára wọn.

Ìyá mi kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ nígbà èwe wọn, àmọ́ wọ́n ti wá ń so lẹ́tà pọ̀. Bí a bá wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù, wọ́n á máa ka pátákó ojú ọ̀nà sókè, dẹ́rẹ́bà á máa rẹ́rìn-ín, inú wọn á sì máa dùn ṣìnkìn. Mọ́mì Oníléèwé ní àwọn ìyá náà kò pọ̀ tó. Wọ́n ní kí n lọ wádìí lẹ́nu ará ọjà bóyá ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ni ìlú ń fẹ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìyá máa kó jáde nínú yàrá náà. Ìyá mi mọ̀, èmi náà mọ̀.

Bàbá mi ní àwọn á bá mi lọ, pé ta ló máa dá ọmọdé lóhùn bí kò bá rí àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé oríire ni. Bí a bá dé ìsọ̀ kan, a ó kí onísọ̀, a ó bèèrè ará ilé, a ó bèèrè ọjà, onísọ̀ á sì gbé àpótí fún bàbá mi kí wọ́n jókòó. Ìgbà náà ni èmi tó kàwé á wá tú ìbéèrè sílẹ̀: ṣé ẹ máa rán àwọn ọmọ yín wá kọ́ kọ̀ǹpútà? Onísọ̀ á wo ojú bàbá mi, á ní, "Insha Allahu, Alhaji." Kò sẹ́ni tó ní rárá. Mo tún ń bèèrè bóyá ìyàwó ilé á fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Ọkùnrin kì í ṣáà wọ inú ilé onílé lọ bi ìyàwó rẹ̀, nítorí náà àwọn ọkọ ló ń dáhùn, wọ́n ní àwọn ìyàwó kò ráyè. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi bèèrè títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, mo sì ṣìnà pátápátá. Obìnrin kan wà nílé wa tí n kò nílò kí ọkọ kankan bá mi bi. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ ka iwájú mi bí mo bá ti ọjà dé. N kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Mo lọ jábọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni ìlú ń fẹ́, Mọ́mì Oníléèwé sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n ní kí àwọn ìyá kó jáde, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀, mo wọ kóòtù nínú ooru Maiduguri, bàbá mi wọ babanríga funfun, wọ́n jókòó síwájú láti kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn káàbọ̀. A jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Ásárì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Mọ́mì Oníléèwé fúnra wọn, a kò rí ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kàn ń tún fìlà wọn dé ṣáá. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi, ará Ọ̀fà tó ń ta fóònù, mo bi í pé kí ló dé tí kò rán ọmọ rẹ̀ wá. Ó wò mí tàánútàánú.

"Bàbá ẹ jókòó síwájú mi, o wá ń retí kí n ní mi ò fẹ́ nǹkan ọmọ wọn? Ṣé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

Mo délé, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi pé àwọn ṣì fẹ́ kọ́ ìwé náà. Wọ́n ní, "Kí n máa ta ko ọmọ mi níta?" Mọ́mì Oníléèwé ní kí àwọn ìyá padà wá, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Yola, kálukú sì ti fọ́n ká. Láti ìgbà náà, bí a bá wọ kẹ̀kẹ́, ìyá mi kì í ka pátákó mọ́.

Bàbá mi ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìyá mi gbé fóònù wọn wá, wọ́n ní kí n bá àwọn ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan, pé àwọn kò rí gíláàsì ojú àwọn. Àbúrò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà tó ń dùn yín ńkọ́? Mo kọ ọ́ ni kí ọmọ yín má baà gbọ́ lórí fóònù, bí ẹ ṣe ní kí n má sọ fún un." Ó yé mi pé wọ́n ti sọ fún àbúrò wọn láyé ọjọ́un pé àwọn ti mọ̀wé kà, wọn kò sì sọ fún un rí pé ẹ̀kọ́ náà dúró. Àṣírí tí wọ́n ń fi pamọ́ fún mi, ẹnu èmi náà ló ń kà á sí wọn létí.

Ìyá mi ń wo ilẹ̀. "Kà á tán," ni wọ́n wí.

Mo kà á tán. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ tí mo wọ kóòtù lọ, nítorí ti ọjọ́ náà ti kọjá, eléyìí kò sì lè kọjá. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ti kà á, pé ara àwọn ti yá. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí, mo sì jáde lọ wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wa lọ sí ọsibítù.