Irin Tí Màámi Fi Òrí Pa Lára

Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà irin tán ní Ìbàdàn, tí mo padà sílé ní Òkè-Ògbó, tí mo gbé ààrò ńlá mi kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ohun tí Màámi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè mi ni pé mo ṣì ń wá iṣẹ́. Ó ń dùn mí gan-an. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni wíwẹ ọmọ tuntun. Kò sí ìyá ìkókó ládùúgbò wa tí kì í ránṣẹ́ pè é. Lójú rẹ̀, obìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í bá gírísì ṣeré.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí gbà, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Modákẹ́kẹ́ ló ti wá: irin méjì tó máa ń gbé táyà iwájú ró lábẹ́ mọ́tò. Ó ní òun yóò wá gbé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá dára, iṣẹ́ ọ̀dà gbogbo mọ́tò tí òun ń tún ṣe di tèmi. Bí wọn ò bá dára, kí n má retí òun mọ́. Mi ò sì ní oníbàárà mìíràn.

Gírísì ti bá iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ lára irin yìí, ó dì mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Mo fi ọ̀bẹ ha á, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà gbo ó títí ó fi funfun. Ọ̀dà tèmi kì í ṣe olómi. Ìyẹ̀fun ni, a ó fọ́n ọn sára irin, a ó gbé e sínú ààrò kí ó yọ́ mọ́ ọn lára. Bí òróró bíńtín bá kù níbẹ̀, ọ̀dà náà yóò wú bí ara tí omi gbóná jó, yóò sì bó.

Bí mo ṣe fẹ́ tan ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé gáàsì ti tán. Mo gbé sílíńdà, mo lọ rọ ọ́. Nígbà tí mo máa padà dé, irin mi ti ń dán. Màámi gbé ọ̀kan lé itan, ó ń fi òrí pa á lára.

Ó ní, "Òjò ń ṣú, o sì fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ìpẹtà á mú un. Mo ní kí n bá ẹ pa á lára."

Inú bí mi gan-an. "Màámi, ẹ ti bà á jẹ́. Ọ̀dà ò lè mú lórí òrí, ọkùnrin yẹn á sì dé nírọ̀lẹ́."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀; kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o.

Ó ní, "Ohun tí a fi òrí pa lára ṣáà ṣeé wẹ̀." Ó gbé omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn jáde. A jọ jókòó, a ń gbo ó. Mo da omi tútù sí i, mo fi hàn án: ibi tí omi bá ti ń ká jọ ní bíńtín-bíńtín, òróró ṣì wà níbẹ̀, ibi tó bá ti mọ́, omi á tẹ́ bẹẹrẹ. Kò pẹ́ tó fi di pé òun ló ń pàṣẹ fún mi: "Abẹ́ ibí yìí ò tíì mọ́. Tún un gbo."

Mo kọ́kọ́ gbé wọn sínú ààrò láìfi ọ̀dà sí wọn, kí òróró tó sá wọnú irin lè làágùn jáde. Mo nù wọ́n, mo wá fọ́n ọ̀dà dúdú sí wọn. Nígbà tí mo gbé wọn jáde, kò wú níbì kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mẹkáníìkì dé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ó nà án sí irin.

Màámi ní, "Ọkọ mi, lọ fọ ọwọ́ rẹ ná."

Ọ̀dà tó ti jinná ò bẹ̀rù ọ́ìlì, ṣùgbọ́n mo panu mọ́. Ọkùnrin náà lọ fọwọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha irin náà, ọ̀dà ò bó. Ó ní òun yóò gbé ti mọ́tò mìíràn wá lọ́la.

Màámi bi í pé, "Ṣé ó dọ̀tí tó èyí?"

"Ó jù ú lọ, Ìyá."

"Tètè gbé e wá láàárọ̀ nígbà náà. Ó máa pẹ́ lọ́wọ́ èmi àti ọmọ mi."