Okùn Ẹnu Ajá

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí ajá mi àkọ́kọ́ kú sínú búùtù mọ́tò láàárín Ìdọ̀fin àti Òsí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwa èèyàn mẹ́fà jókòó síwájú rẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí iṣu yóò dà lọ́dún yẹn. Àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé, wọ́n ní ajá ni, kì í ṣe ọmọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ. Ṣé ohun tí kì í ṣe ọmọ kò gbọdọ̀ mí ni?

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìdọ̀fin, èmi nìkan ni mo sì ń gbé nínú ilé tí mo háyà sẹ́yìn ilé ìwé. Ajá yẹn tẹ̀ lé mi láti ọjà wálé nígbà tí kò tíì ju ọmọ ológbò lọ, bó ṣe di tèmi nìyẹn. N kò kọ́ ọ ní ohun púpọ̀. "Jókòó" nìkan ni mo kọ́ ọ, nítorí ó máa ń fò mọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tí yóò sì fi ẹsẹ̀ ba yunifọ́ọ̀mù wọn jẹ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì àti ẹja gbígbẹ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá ti ní "jókòó," ìdí rẹ̀ á ti kanlẹ̀, á gbójú sókè, á máa wò mí bóyá inú mi dùn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajá mi gbọ́ràn ju kíláàsì mi lọ. Òótọ́ ni.

Nígbà tó yá, ajá dìgbòlugi kan bu èèyàn jẹ ní àdúgbò wa. Àwọn àgbà ìlú ní ajá tí kò bá ti gba abẹ́rẹ́, àwọn ọdẹ yóò yìn ín níbọn. Òsí ni dókítà ẹran wà. Ni mo bá mú ajá mi lọ sí gáréèjì ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọ̀sán ń sún mọ́.

Ní gbogbo agbègbè wa, ohunkóhun tó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, búùtù ló ń wọ̀. Ewúrẹ́, a ó dì í lẹ́sẹ̀. Ajá, a ó dì í lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí.

"Anti tíṣà, búùtù o," ni dírẹ́bà wí, ó ti mú okùn jáde. "Ajá kèé jókòó pẹ̀lú èèyàn."

Alhaja kan ti jókòó níwájú nínú mọ́tò, ó ń lọ sí Ìlọrin, ó gbé búta ààlùwàlá rẹ̀ lé itan. Ó yíjú padà. "N kò fẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kàn mí lára o, torí ìrun mi. Ṣùgbọ́n má dì í lẹ́nu, dírẹ́bà. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni."

"Bó bá wá bù yín jẹ ńkọ́, Alhaja?"

Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni dírẹ́bà na okùn sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ajá fà sẹ́yìn. Dírẹ́bà wá bínú, ó ní kí n wá di ajá mi mú, ọ̀nà jìn. Mo ní, "Jókòó." Ó jókòó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, dírẹ́bà sì yí okùn mọ́ ọn lẹ́nu ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ta á ní kókó. Wọ́n gbé e sáàárín àpò gààrí àti kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n pa búùtù dé.

Dókítà ẹran ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tí kò wúlò mọ́. Ajá kì í làágùn bí àwa ṣe ń làágùn. Ẹnu ló fi ń lé ooru kúrò lára, ìdí tó fi ń yọ ahọ́n tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nìyẹn. Bí o bá dì í lẹ́nu nínú ooru, o ti dáná sí i nínú.

Lójú ọ̀nà, mo gbọ́ tí ajá ń ta ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga wa. Dírẹ́bà gbé ohùn rédíò sókè. Nígbà tí a kọjá Odò-Ọ̀wá, ariwo ẹsẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Dírẹ́bà ní, "Ó ti sùn." Mo gbà á gbọ́. Ara mi tilẹ̀ balẹ̀.

A ṣí búùtù ní Òsí. Alhaja ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ tú okùn yẹn! Ẹ tú u!" Ó dúró lókèèrè díẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì ń da omi búta rẹ̀ sí ajá náà lórí títí omi fi tán, bẹ́ẹ̀ ìrun ọ̀sán ti tó. Òun tí kò fẹ́ kí ajá kan òun. Omi náà ń ṣàn gba ojú ajá kọjá, ojú náà kò sì pa dé.

Dírẹ́bà wá ní kí n má bínú, òun mọ àwọn tó ń jẹ ẹ́, òun lè bá mi tà á. Mo gbá a létí níwájú gbogbo gáréèjì. N kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Odidi ọdún kan ni mo fi ṣépè fún ọkùnrin yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gba ajá mìíràn, mo sì fi ìbínú kọ́ ara mi níṣẹ́. Mo ní kí kápẹ́ńtà kan àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Inú rẹ̀ ni ajá ti ń jẹun kí n tó máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi àti ajá jókòó nínú mọ́tò hẹ́dímásítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, lẹ́yìn náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ́ ọn lára. Mo kọ́ ọ ní "jókòó" láti ìkángun pápá bọ́ọ̀lù dé ìkángun kejì. Àwọn èèyàn ní mo ń kọ́ ajá níwèé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ tún tó gbà, dírẹ́bà mẹ́ta kọ̀ wá ní gáréèjì. Ẹni kẹta na okùn sí mi. Mo ní kó kọ́kọ́ di ẹnu tirẹ̀, kó wakọ̀ dé Òsí ká wò ó. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbà wá níkẹyìn. "Ẹ gbé e ka ulẹ̀ mọ́tò," ló wí, ó sì ṣí fèrèsé.

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìlọ́fà, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ láti tì í. Bó ṣe fò jáde nínú kòtò, ilẹ̀kùn àpótí ṣí. Ajá bẹ́ sílẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà mọ́tò tí a ṣí sílẹ̀, ó rí òkété kan lódìkejì ọ̀nà, ó sáré tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ agégẹdú sì ń bọ̀ láti orí òkè, ẹrẹ̀ kò sì jẹ́ kí bíréèkì rẹ̀ mú.

Mo kígbe, "Jókòó!"

Ó jókòó létí koríko, bíi pé inú ọgbà ilé ìwé ló wà. Ọkọ̀ náà kọjá níwájú imú rẹ̀, ó da ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ìrù. Kò mira. Ó ń wò mí, bóyá inú mi dùn.

Gbogbo èrò pariwo. "Anti, ẹ kú uṣẹ́ o!" Bàbá tó ń wakọ̀ mi orí rẹ̀. "Ajá tó máa sọnù kèé gbọ́ fèrè ọdẹ," ló wí. "Èyí gbọ́ tirẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo di orí ajá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì sọ fún bàbá pé kó má pa òwe yẹn létí mi mọ́. Èyí tó kú náà gbọ́. Mo ní kó jókòó, ó jókòó.