Ìlà Tó Gba Orí Omi Kọjá

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ìlú wa, láti ilé onídìrí títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé Noreen Scutt purọ́ ibi tó ń gbé kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wọ ilé ẹ̀kọ́ orí òkè. Àwọn kan ní ńṣe ló lọ yá ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà kiri, ó gbé e há ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn mìíràn ní ọmọ náà ò gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n ní ìlú Margate tó jìnnà réré ló ti wá.

Irọ́ ni. Èmi àti Noreen la jọ ń fọ abọ́ nílé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ti pẹ́. Ohun tí mi ò bá mọ̀ nípa rẹ̀, òun náà ò tíì gbọ́ ọ ni. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń rin ìrìn-àjò afẹ́, ìgbà Kérésì ló ń rójú wálé. Nítorí náà, ọwọ́ Noreen ni Tamsin dàgbà sí, láti ìgbà tó ti ń rákò káàkiri ilẹ̀.

Odò ló la ìlú wa sí méjì. Kò fẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀. Àwọn olówó wà lápá òkè pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí géètì rẹ̀ kọjú sí omi. Àwa wà nísàlẹ̀ lódìkejì. Afárá wà ṣá, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bọ́ọ̀sì méjì lèèyàn ń wọ̀ kó tó yí po dé ọ̀hún.

Ọmọ tó bá yege ìdánwò nìkan ló lè wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yege pọ̀ ju àga lọ. Wọ́n á wá wọn ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan sí géètì, tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò, ẹni tó bá sún mọ́ jù ló wọlé. Ìdí nìyẹn tí Ìyáàfin Thackwell àti ọkọ rẹ̀ fi ta ilé ńlá wọn tó ní igi ápù, tí wọ́n kó wá sí ilé tóóró kan lórí òkè, tí àga ìrọ̀gbọ̀kú wọn ò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Wọ́n fi aṣọ bo àga náà síta, òjò ń pa á. Imogen ọmọ wọn ti ní tísà lẹ́sìnnì láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti ń yọ. Wọ́n wọn ilé gbogbo aládùúgbò tó lọ́mọ, wọ́n rí i pé àwọn ló sún mọ́ jù. Wọn ò kàn rántí pé àwọn èèyàn ń gbé lódìkejì omi ni. Bí wọ́n bá sì rántí, wọn ò rò pé ọmọ ibẹ̀ lè yege.

Tamsin yege. Ìlà tí wọ́n fi wọn ilé rẹ̀ sí géètì gba orí omi kọjá, ó kúrú ju ti Imogen lọ díẹ̀ báyìí, àga tó kù sì di ti Tamsin. Imogen ló wá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ Tamsin, òun ló máa jókòó sórí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìtàn ilé onítáyà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ilé ẹ̀kọ́ rán Ọ̀gbẹ́ni Purvis wá láàárọ̀ kùtù, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí.

"Ẹ má bínú o, Ìyáàfin Scutt. Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ọmọ náà ń gbé níbí lóòótọ́."

"Ta ló ní kò gbé níbí?"

"A kì í sọ ìyẹn, mà."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"Rárá o, mo kàn fẹ́—"

"Ṣúgà ẹyọ kan àbí méjì?"

"Méjì," ló wí.

Tamsin wọlé pẹ̀lú aṣọ ìsùn. "Màmá àgbà, ta lẹ gbé jókòó sórí àga mi?"

"Ọkùnrin tó wá wò ó bóyá o wà ni."

"Mo wà," ni Tamsin wí, ó sì mú búrẹ́dì.

Wọ́n fi yàrá rẹ̀ han Ọ̀gbẹ́ni Purvis: bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ó mi orí. "Ẹnikẹ́ni lè gbé bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, mà. Mo ti rí ẹni tó lọ yá ológbò kí n tó dé, kó lè jọ pé wọ́n ń gbébẹ̀." Noreen ní òun ò mọ ohun tó tún kù tóun lè fi hàn án.

Ọkùnrin náà gbé tíì rẹ̀, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ló bá rí àmì pẹ́ńsù. Gbogbo ọjọ́ ìbí Tamsin ni Noreen ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì í níbẹ̀, á fa ìlà sókè orí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Purvis lóṣòó, ó fọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ṣe déédéé orúnkún rẹ̀. Ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi kan, wọ́n ti fi ọ̀dà bo àmì náà, wọ́n tún un fà.

"Dúró síbẹ̀, ọmọ," ló sọ fún Tamsin. Orí ọmọ ti kọjá àmì tó kẹ́yìn.

"Ó ti ga sí i," ni ọkùnrin náà wí.

"Oúnjẹ mi ni," ni Noreen fèsì.

"Èmi náà nírú àmì yìí nílé." Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó lọ. Àga dúró sọ́wọ́ Tamsin.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí a ń fọ abọ́ lánàá, tí Noreen ń sọ fún mi pé Ìyáàfin Thackwell wá kí òun. Ó wakọ̀ yí afárá po, ó gbé kéèkì wá.

"Kí ló ní kí o ṣe?" ni mo bi í.

"Ó ní òun kàn ń ro ti ọmọ ni. Pé ọ̀nà yẹn á jìn jù fún un, bọ́ọ̀sì méjì, nínú òtútù. Ṣé mi ò rò ó pé ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa á tù ú lára jù?"

"Ẹni tó ń bínú pé ilé yín sún mọ́ géètì ju tirẹ̀ lọ?"

"Òun náà ni. Mo ní, Ìyáàfin, tó bá jìn tó báyẹn, ẹ yáa máa lọ kí ọkọ̀ tó kún orí afárá. Àwo kéèkì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà wọn ni bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ẹ̀kọ́, Tamsin á bá mi gbé àwo náà sí àtẹ̀gùn ilé wọn bó bá ń kọjá."