Àga Iwájú nínú Bọ́ọ̀sì tó ń Lọ sí Jos

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nílé wa ní Gyellesu, ní Zaria, bàbá mi fi ọdún mẹ́wàá dàgbà lójú mi kòrókòró. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó ní kí n mú ìwé mi wá, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni òun. Kó tó jẹun, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má bàa rò pé ọbẹ̀ ìyá mi ló fà á.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbà kan wà nínú ìjọ wa ní Zaria nígbà náà, tọkùnrin tobìnrin, mọ́kànlá ni wọ́n. Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò lẹ́yìn ìsìn, ó mi orí, ó ní kí gbogbo wọn lọ sinmi níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, kí wọ́n lọ wo òkè àti adágún omi ní ìhà Jos. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Ó yẹ kó mọ̀ pé a kì í bá àgbà ìjọ ṣeré. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti yan ìgbìmọ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó tíì rìnrìn àjò lásán rí nínú wọn. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Òkè Ọya, bí kò bá ṣe òkú, ìyàwó tàbí ìkómọ, kí ló fẹ́ wọ mọ́tò fún? Bí ìyá mi bá sọ lọ́jà pé àwọn ń lọ sí Jos, ohun tí wọ́n ń bi í ni, "Ta ló kú?" Bó bá ní kò sẹ́ni tó kú, pé òkè làwọn fẹ́ lọ wò, wọn á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé Kufena ò tó yín-ín wò ni?" Òkè Kufena wà níbẹ̀ lóòótọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ojoojúmọ́ là ń rí i. Nígbà tó sú ìyá mi, ó kúkú parọ́. Ó ní ìbátan òun kan ló ń gbéyàwó ní Jos. Inú gbogbo ọjà dùn. Obìnrin kan tilẹ̀ fún un ní abọ́ tánganran ńlá kan, aláwọ̀ búlúù, pé kó bá òun gbé e fún ìyàwó.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Jọ́gíráfì ni mò ń kà ní yunifásítì, wọ́n sì ní ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkè ló yẹ kó mú àwọn débẹ̀. Mo yá máàpù wá láti ọgbà yunifásítì ní Samaru, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi òwú wọn ọ̀nà Saminaka títí dé Jos. Mo ṣètò ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ kìíní fún ọ̀nà, ìkejì fún òkè, ìkẹta fún adágún. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Mo rò pé mo ti yege. Ni ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Sábó bá bi mí iye ìgbà tí mọ́tò máa dúró kí èèyàn lè tọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

Ilé dàrú. A bẹ̀rẹ̀ àdéhùn láti ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, a parí sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, wọ́n sì ní ká gbé nǹkan dání fún ẹni tí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ò bá tó. Abọ́ ìyàwó yẹn ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó ní kò burú, ìyàwó náà kò kúkú sí.

Wọ́n tún ní ká kọ́kọ́ lọ dán ẹsẹ̀ wò ní Kufena. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gun òkè náà bí ewúrẹ́, òun ló ṣíwájú. Bàbá Tíṣà ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀pá àti irun funfun bí òwú. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Danmagaji ló ń gbé. Nígbà tí mo bu omi, gbogbo ènìyàn ní kí n kọ́kọ́ fún Bàbá Tíṣà nítorí òun ni àgbà. Mo fún un. Mo fún àwọn yòókù. Bàbá mi ni mo fún kẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin, torí òun ni wọ́n mọ̀ sí àbúrò gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ní iyanrìn.

Ó mu ún tán. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, torí fáìlì kì í kú. Nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ó gba kóòtù lọ, ó búra, ó sì jáde pẹ̀lú ọjọ́ orí mìíràn tó fi ọdún mẹ́wàá dín. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é láyé ìgbà yẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á fi dáì pa irun rẹ̀ dúdú, kí orí lè bá fáìlì mu lọ́jọ́ Ajé. Bàbá Tíṣà nìkan ló mọ àṣírí yìí lẹ́yìn ìdílé wa. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá ní Ọ̀fà, bàbá mi sì fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ó ti pọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí Bàbá Tíṣà dé Zaria, bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe pe òun ní ẹ̀gbọ́n láàárín ìlú mọ́, kó má lọ dé etí ọ́fíìsì. Ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ṣe di ẹ̀gbọ́n fún ogún ọdún. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, òun ló ń ṣe àdúrà ìparí. Ipò náà sì dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn Kufena ni ìgbìmọ̀ wá sọ pé ẹni tó bá dàgbà jù ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kì í ṣe ọlá lásán. Kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, ẹ̀rù sì ń ba wọ́n pé awakọ̀ lè gbàgbé ara rẹ̀ lórí òkè. Àgbà tó ní ojú nílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ orí gbogbo wọn. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi láti ilé dé ilé, ìbéèrè kan náà ni mò ń bá pàdé: "Ti ilé ni àbí ti ìjọba?" Ìyá aláṣọ ní kí n kọ èyíkéyìí tó bá lè mú òun jókòó sẹ́bàá wíńdò.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi fọ ọwọ́ tó sì fi ọdún mẹ́wàá dàgbà.

"Bàbá, ọ́fíìsì ńkọ́?" Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọdún mẹ́ta ló kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ nínú fáìlì. Nínú òótọ́, ó ti yẹ kó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀, ilé ló ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi náà á sì kó ẹrù mi kúrò ní yunifásítì, ká má tíì sọ ti àwọn àbúrò mi méjì. Ilé àlejò tí a fẹ́ sùn sí ní Jos, ti iléeṣẹ́ bàbá mi ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ bá wa buwọ́ lu ìwé rẹ̀.

"Ìwé ìjókòó mọ́tò lásán ni," ni bàbá mi wí. "Ta ló fẹ́ gbé e dé ọ́fíìsì? Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà dé Danmagaji, Bàbá Tíṣà wo orúkọ tó wà lókè, ó wọ bàtà, ó sì tẹ̀ lé mi wálé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fi mí joyè yìí," ló sọ, lẹ́yìn tí ìyá mi ti ti ilẹ̀kùn. "Ogún ọdún ni mo ti wà lórí ẹ̀, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ ò lè wá gbà á lọ́wọ́ mi nítorí àga mọ́tò."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni bàbá mi fèsì. "Mo pọ̀n ọ́!"

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ pọ̀n mí ni?"

Ìyá mi gba inú kíṣìnì lọ kó lè rẹ́rìn-ín. Bàbá Tíṣà fi ìbínú lọ, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán tó ṣáájú ìrìn àjò, tí ìgbìmọ̀ wá ṣe ìpàdé ìkẹyìn nílé wa. Pálọ̀ kún fún súwẹ́tà, kúlà, ẹní àti gààrí, bí ẹni pé wọn kì í jẹun ní Jos. Mo ṣí ìwé mi sórí tábìlì, mo fẹ́ ka ètò ìjókòó. Bí mo ṣe la ẹnu ni mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá bàbá mi ni. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ọmọ Zaria gan-an. Ó ní òun ń kọjá lọ ni, kí òun kúkú mú ìwé ilé àlejò náà wá fún wa.

Gbogbo wa dìde, a kí i. Ó jókòó. Ó ní bẹ́ẹ̀dì mélòó la fẹ́ lò? Kí n tó fèsì, ó ti fa ìwé mi mọ́ra kó lè ka orúkọ fúnra rẹ̀.

Ó kà á. Ó gbójú sókè.

"Akawu," ó pe bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń pe akọ̀wé ní Hausa. "Shekara sittin da biyu?" Ọdún méjìlélọ́gọ́ta kẹ̀?

Òógùn bo iwájú orí bàbá mi. Mo wo Bàbá Tíṣà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ti tó. Kò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́ lásán, ó parí.

Bàbá Tíṣà ṣí fìlà rẹ̀. Ó tẹ orí funfun síwájú kí ọ̀gá lè rí i dáadáa.

"Haba, Ranka ya daɗe!" ló fi Hausa wí, pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn. "Èmi ni mo ni ọdún yẹn. Ọmọ yìí ló ṣi ìlà kọ. Ẹ wo orí mi, kí ẹ wo tiẹ̀." Ó wá kọjú sí mi, ó jágbe mọ́ mi bíi tíṣà: "Yunifásítì lẹ wà, ẹ ò lè fa ìlà!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá. N kò tíì bẹ̀bẹ̀ tinútinú bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá wo orí funfun, ó wo orí dúdú tí ìyá mi pa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò," Bàbá Tíṣà pe bàbá mi, "dìde, bu omi fún ọ̀gá rẹ. Kí o bu tèmi náà."

Bàbá mi dìde. Ó bu omi méjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ọ̀gá ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé kí Bàbá Tíṣà jókòó síwájú mọ́tò lọ́la, òun fúnra òun á wá sìn wá. Ó sì wá lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ilẹ̀kùn iwájú mú fún Bàbá Tíṣà, ó tì í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá mi wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín sítóòfù àti abọ́ ìyàwó.

A kọjá láàárín ìlú. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Dakace lẹ́yìn ìlú, Bàbá Tíṣà ní kí awakọ̀ dúró. Ìyá aláṣọ ní kò tíì tó àkókò ìtọ̀ àkọ́kọ́. Ó fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀, ó rìn dé ẹ̀yìn, ó ní kí bàbá mi jọ̀ọ́ kó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi bọ́ sílẹ̀, Bàbá Tíṣà gbé ọ̀pá lélẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku títì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ níwájú."

Bàbá mi dúró, omi ń lé lójú rẹ̀. "Dìde," ló wí. "O ti ba aṣọ jẹ́." Òun ló fà á dìde, òun ló gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ṣubú. Ìyá aláṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Dáì yẹn máa ń yí mọ́ ọrùn ẹ̀wù ẹ̀."

Bàbá mi jókòó síwájú, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, ó tẹjú mọ́ awakọ̀. A ò tíì dé Saminaka tí orí rẹ̀ fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Nígbà tó yá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, àwọn òkè Jos yọ níwájú wa, òkúta lórí òkúta, gbogbo àgbà ìjọ sì ń pariwo bí ọmọdé. Mo na ọwọ́ kí n jí bàbá mi, kó má bàa pàdánù ohun tó tìtorí ẹ̀ fẹ́ pàdánù iṣẹ́. Bàbá Tíṣà gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Má jí wọn," ló wí. "Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe ọmọdé. Ó ti rẹ̀ wọ́n."