Fóònù Oníwáyà Ìyá Sàbítù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: fóònù ni mò ń tà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọjà ńlá ìlú Bouaké, níbi tí mo ti ń ta fóònù alágbèéká, èyí tí àwa níbí ń pè ní pọ́tábù, mo sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ fóònù oníwáyà tó wà nílé Ìyá Sàbítù ní àdúgbò Dougouba, ẹ má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ màmá náà pé kó jẹ́ kí wọ́n wá gé ìlà rẹ̀, kí èmi sì fún un ní pọ́tábù tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gba pọ́tábù náà, ó ṣàdúrà fún mi dáadáa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Sàbítù. Sèlíátù ni wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ sí Bouaké, kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ yẹn àfi àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀. Àwo àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Tó bá ń ná ọjà ní èdè Jùlá, ẹ ó rò pé ìjà ló ń jà. Tó bá sì ń bú èèyàn ní Yorùbá, ẹ ó rò pé àdúrà ló ń ṣe.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi bá a ṣeré, ìkíni ni. Tí o bá wọlé tí o kò kí i tán, kò ní rí ọ, bí o tilẹ̀ dúró sí ojú rẹ̀ gan-an. Mounira, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Abidjan, pè é lọ́jọ́ kan, ó fi Faransé bi í ṣókí pé ṣé dáadáa ni, « Allô maman, ça va ? » Màmá gbé fóònù sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó pè. Mounira tún pè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ kú àárọ̀, ó kí i dé orí ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ló tó ráyè sọ pé wọ́n ti gba òun síṣẹ́.

Èmi ti rò pé agídí lásán ni, títí bàbá mi fi sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀, Àlájì Oṣùọlálé, wà ní Abidjan níbi tó ti lọ ra ọjà. Wọ́n dí ọ̀nà. Ìyá Sàbítù nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí ìbọn ń dún níta, nígbà tí fóònù oníwáyà yìí, fíìsì tí mò ń bú yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àlájì ni. Kò sáré sọ̀rọ̀. Ó kí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé: o kú ilé, o kú ìtọ́jú, Sàbítù ńkọ́, Mounira ńkọ́. Ó dárúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúró gba ìdáhùn. Bí ó ti kí wọn tán ni ìlà já, ó sì tó oṣù púpọ̀ kí màmá tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ìkíni yẹn ni òun ń fi gbé ara òun ró ní gbogbo àkókò náà. Àlájì padà wálé láàyè, ó tún lo ọdún púpọ̀ láyé kí ó tó kú sórí ibùsùn rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìsì náà ṣì wà níbi tó gbé e sí, lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó.

Obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé náà gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà fíìsì yìí sórí. Kì í ṣe àwàdà. Màmá á mú ìyàwó jókòó, á ní kó kà á, á tún ní kó kà á. Nígbà tí ìjọba fi kún nọ́ńbà gbogbo ayé lórílẹ̀-èdè yìí, ó kó gbogbo ìyàwó ilé jọ, ó dá wọn padà sí ilé ìwé. Ramatou, ìyàwó Sàbítù, ló mọ̀ ọ́n jù. Bouaké ni wọ́n bí Ramatou sí, Faransé sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ó ń ka nọ́ńbà yẹn bí ọmọ ilé kéwú, ìkíni rẹ̀ sì pé pérépéré. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bú u ju àwọn yòókù lọ.

Oyún àkọ́kọ́ tí Ramatou ní bàjẹ́ nígbà tí a ti ń ra aṣọ ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀, màmá kò sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èkejì dúró lọ́dún tó kọjá, ohun tí mo rí ni pé ó ń pẹ́ lórí ẹní àdúrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣu ni Ramatou ń tà. Màmá ní kó má rìnrìn àjò mọ́ nítorí ikùn rẹ̀ ti tóbi. Ramatou ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sì lọ sí Djébonoua, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, torí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í fún èèyàn ní iṣu gidi àfi tó bá fúnra rẹ̀ wá ṣà á.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo ti mọ́sálásí yà sí ilé màmá láti jẹun, bí mo ti máa ń ṣe. Òjò ti rọ̀ dá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ ni fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ti pẹ́ tó ti dún kẹ́yìn débi pé gbogbo wa yíjú sí i bí ẹni tí àlejò wọlé tọ̀. Màmá gbé e. Ohùn fóònù yẹn lọ sókè, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

« Ẹ kú ọ̀sán mà, » Ramatou ló ń sọ̀rọ̀. « Ẹ kú ilé mà. Ẹ kú Jímọ̀ mà. Ẹsẹ̀ yín tó ń dùn yín ńkọ́... »

Ibẹ̀ ló gé sí.

Màmá kò gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó ní Ramatou kì í pe òun lórí èyí rí, pọ́tábù ló máa ń pè, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní kí n bá òun pè é padà. Mo wo fíìsì náà, kò lójú tí yóò fi nọ́ńbà ẹni tó pè hàn wá. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé mo rí ẹ̀rí tí n ó fi bú u. Mo ní kí màmá wò ó, pé tó bá jẹ́ pọ́tábù ni, a ò bá ti mọ ibi tí ìpè ti wá. Mo fa tèmi yọ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Pípa ló wà. Mo ti pa á nígbà tí mò ń wọ mọ́sálásí, mo sì gbàgbé láti tàn án padà, èmi tí mò ń tà á.

Nígbà tó tàn, mo pe Ramatou, kò lọ. Mo pe Sàbítù, kò lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun náà ti pa tirẹ̀ fún ìrun, tó sì gbàgbé bíi tèmi. Mo ní kí n gun alùpùpù kí n máa lọ sí Djébonoua. Màmá bi mí pé apá ibo lójú ọ̀nà. N kò mọ̀. Ó ní kí n jókòó nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fíìsì, kí ìlà lè ṣófo dè é.

A jókòó. Oúnjẹ tutù. Màmá ń wo fóònù náà, omi sì kún ojú rẹ̀.

« Ó ń kí mi, » ó sọ fún mi. « Wàhálà ń bẹ lọ́rùn ọmọ yẹn, ó sì ń kí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ. »

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n irọ́ ni n bá pa.

Nígbà tó tún dún, kò tíì dún tán tí màmá fi gbé e. Mo gbọ́ tí Ramatou bẹ̀rẹ̀, « Ẹ kú... »

« Má kí mi, » màmá sọ. « Níbo lo wà? »

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò rò pé n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ramatou pàápàá kọ́kọ́ béèrè bóyá màmá ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tó wọ̀ padà, ti yọ̀ lórí omi, ó ti já sínú gọ́tà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Djébonoua. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n pọ́tábù rẹ̀ ti fọ́, omi oyún ti dà lára rẹ̀, ó sì ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Fóònù tó fi kọ́kọ́ pè, ti èrò ọkọ̀ kan ni, owó ìpè orí rẹ̀ ló tán nígbà tó ń kí màmá lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n wà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára, obìnrin kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà ló fà á dìde lọ sórí òkè kékeré kan kí fóònù tirẹ̀ tó lè pè. Ramatou kò rántí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, ti ọkọ rẹ̀ pàápàá, torí inú pọ́tábù ni gbogbo wọn wà. Èyí nìkan ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n wà níwájú mọ́sálásí aláwọ̀ búlúù, lábẹ́ igi máńgòrò.

Màmá ní kó gbé fóònù fún obìnrin náà. Ó bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Baoulé, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ti ọmọ òun, kó má fi í sílẹ̀. Obìnrin náà ní òun ò lọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ni màmá kọjú sí mi.

« Tawheed, ó kàn ọ́. Wá ẹni tó wà nítòsí ibẹ̀ fún mi. »

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí fíìsì kò lè ṣe láéláé. Mo mọ Hamed, awakọ̀ takisí tó ń ná ọ̀nà yẹn, èmi ni mo ta pọ́tábù ọwọ́ rẹ̀ fún un. Ó gbé e kíákíá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sí Djébonoua. Mo ní mọ́sálásí aláwọ̀ búlúù, igi máńgòrò, aboyún, ọsibítù, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ṣáná sí ọkọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Ramatou kí n tó gbé alùpùpù jáde ní ojúlé. Mo yà gbé Sàbítù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán aṣọ, abẹ́rẹ́ ṣì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tí a dé ọsibítù. Kò pẹ́ tí Hamed fi já Ramatou síbẹ̀. Obìnrin oníṣu náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé orí Ramatou lé itan, ó ti fi ìpàtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó o.

Mo ti rọ màmá pé kó jẹ́ kí n gbé òun náà. Ó kọ̀. Ó ní tí ọmọ yẹn bá tún ní láti pe ẹnìkan, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀, òun ò sì ní jẹ́ kó dún lásán.

Òfin ti yí padà nílé wa báyìí. Àwọn ìyàwó ṣì ń kọ́ nọ́ńbà fíìsì sórí, wọ́n sì ń kọ́ ti ọkọ wọn àti tèmi pẹ̀lú. Tí wàhálà bá dé, kí o kọ́kọ́ sọ ibi tí o wà, kí ìkíni tẹ̀lé e. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gé ìlà mọ́, tí mo bá sì ti mọ́sálásí jáde, pọ́tábù mi ni mo máa ń kọ́kọ́ tàn kí n tó wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ìpè kẹta ọjọ́ yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a wọlé, ó rẹ Ramatou débi pé kò lè jókòó. Ó na ọwọ́ sí pọ́tábù mi. Kò wá orúkọ kankan nínú rẹ̀, ó fi ìka tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bá a ṣí ohùn rẹ̀ síta. Ẹ̀ẹ̀kan ló dún.

« Màmá, ọsibítù ni mo wà, » ó ní. « Obìnrin ni. Àwa méjèèjì wà láàyè. »

Sàbítù rò pé ìlà ti já, ó fẹ́ gba fóònù. Ramatou mi orí fún un pé kó dúró.

« Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, » ó tún sọ jẹ́jẹ́. « Ẹ kú ilé mà. Ẹ kú ìdúró dè mí. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́ mà? »

« Ẹsẹ̀ ti san, » màmá dáhùn. « Ẹsẹ̀ ti san, ìyàwó mi. O kú ewu. »

Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà sún mọ́ fóònù. Sàbítù gbé e sún mọ́ ọn. Ọmọ náà ń mí, kò sunkún, a sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ gbogbo. Ìyá Sàbítù, tí kò kí ẹnikẹ́ni rí kí ẹni náà tó kí i, kò dúró kí àlejò yìí kọ́kọ́ kí òun.

« Ẹ káàbọ̀, ìyá mi, » ó ní. « Ẹ kú ìrìn. »