Lẹ́tà Bàbá Àgbà sí Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ ní Ìlógbò

Òórùn ẹ̀kọ tútù láti ilé aládùúgbò mi ló dá ọkàn mi padà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Ìkọ̀lé nígbà èwe mi. Bàbá àgbà, tó kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní filọ́sọ́fì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ń sọ lẹ́tà fún mi kọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Kọ ọ́ pé: Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́ rán mi létí ohun tí mo máa ń sọ nípa ikú. Mo wá a títí, n kò rí i mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló tún ń béèrè ọ̀rọ̀?"

"Ṣáà kọ ọ́, ìyá mi."

Oòrùn ń ràn, tàbí òjò ló ń rọ̀. N kò lè búra mọ́. Mo fi ẹ̀kọ lẹ ẹnu àpòòwé náà. Awakọ̀ tí yóò bá wa mú un dé Ìlógbò ti ń fun fèrè níta. Bí mo ti dìde ni Bàbá di ọrùn-ọwọ́ mi mú pinpin.

"Ta la kọ ọ́ sí?"

Mo fi ayọ̀ dáhùn bí ọmọ tí olùkọ́ ń dán wò: "Ọ̀rẹ́ yín ni, Bàbá. Ti Ìlógbò."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìdánwò.

"O káre," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò tú mi sílẹ̀. "Ǹjẹ́ ó mọ̀ mí?"